Bí Mo Ṣe Ń Fi WhatsApp Bá Òbí Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Sọ̀rọ̀

Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Ọmọ gbọ́dọ̀ dá oúnjẹ dúró fún wákàtí mélòó kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ló sì gbé mi dé ìdí fífi WhatsApp bá òbí sọ̀rọ̀. Òbí kan á febi pa ọmọ rẹ̀ láti alẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Òmíràn á fún tiẹ̀ ní mílíìkì nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, a ó sì sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọjọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀, a ti ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì. Àmọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ọ̀rọ̀ mélòó ni etí rẹ̀ fẹ́ gbà? Ìwé tí a fún wọn sì ń sùn nínú báàgì.

Fóònù ni wọn kì í gbé sílẹ̀. Mo bá ọ̀gá wa àti dókítà tó ń fún ọmọ ní oògùn akunnilóorun sọ ọ́. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má fi ohunkóhun ránṣẹ́ tí àwọn ò tíì kà.

Gúrúùpù ni mo kọ́kọ́ dá sílẹ̀, àṣìṣe ńlá sì ni. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí bàbá kan fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tí orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ hàn ketekete lára báǹdì ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn náà wà ní gbangba. Mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà, mo lọ sórí broadcast, níbi tí iṣẹ́ kan náà ti ń dé ọ̀dọ̀ oníkálùkù ní ìkọ̀kọ̀. Ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀! Ní báyìí, iwájú mi ni òbí ti ń fi nọ́ńbà náà pamọ́, mo sì ń dán an wò kí wọ́n tó lọ. Fóònù wọ́ọ̀dù ni o, kì í ṣe tèmi.

Òfin tiwa ni pé oúnjẹ àti mílíìkì inú agolo gbọ́dọ̀ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú oògùn akunnilóorun, ọmú ìyá ní wákàtí 4, omi lásán ní wákàtí 2. Mo fi ohùn sọ ọ́, kò tó ìṣẹ́jú kan, mo sì sọ ìdí rẹ̀: bí inú ọmọ ò bá ṣófo, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá nígbà tó bá ti sùn, kó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń ṣìrò. Wọ́n ń kà á láti ìgbà tí wọ́n máa dé ilé ìwòsàn. Mo wá ń kọ aago gan-an ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́ bí aago 2 òru bá ti lù.”

Mo ya fídíò ìbòmú tí ọmọ máa fi fa oògùn, kí wọ́n jọ wò ó nílé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó dá lórí bí ọmọ ṣe ń jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn ọmọ kan máa ń jí pẹ̀lú igbe, wọ́n á máa ta ẹsẹ̀, wọn ò ní mọ ìyá wọn pàápàá, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30. Ìyá kan sọ fún mi pé, “Nọ́ọ̀sì, ká ní ẹ ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ní orí ọmọ mi ti dàrú.”

Ẹnikẹ́ni kì í wo fóònù náà lóru, nítorí náà èsì kan ti wà níbẹ̀ tó ń lọ fúnra rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, tàbí ọmọ ò mí dáadáa, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ máa gbé e bọ̀.

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan fi ohùn mi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, tí ọmọ tiẹ̀ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ níbòmíràn. Wákàtí kan péré ni wọ́n fi sí omi ní tọ̀hún, ọmọ náà sì fi òùngbẹ jìyà lórí ọ̀rọ̀ mi. Mo ti tún gbogbo rẹ̀ gbà sílẹ̀. Orúkọ wọ́ọ̀dù wa ló kọ́kọ́ ń jáde báyìí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni.