Òfin Ilé Gbígbé l'Ékòó: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́yà ni mí, ọ̀rọ̀ ilé ni mo ń bá kiri kóòtù májísíréètì, ọ̀sẹ̀ kan kì í sì í lọ kí ẹnì kan má wọlé wá lẹ́yìn tí owó ti bọ́ sómi. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà gómìnà Babatunde Fashola, ni Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà. Ìdajì ẹ̀ ni ará àdúgbò gbọ́, orí ìdajì yẹn ni wọ́n sì ń ná owó lé.

Èkíní, ẹ yéé sọ àbá di òfin. Ní ọdún 2025, àbá tuntun lórí ilé gbígbé dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Ó wà lára ẹ̀ pé kí owó ajẹ́ǹtì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan lọ. Wọn ò tíì jíròrò ẹ̀ tán tí ohùn kan fi gba orí WhatsApp pé "òfin ti jáde o". Ọmọkùnrin kan tó ń wá yàrá sí Ìyànà Ìpájà gbà á gbọ́. Ó ní òun ò san kọ́míṣọ̀n tí òun àti ajẹ́ǹtì ti jọ fẹnu kò sí mọ́, ni ajẹ́ǹtì bá gbé yàrá fún ẹlòmíì. Owó fọ́ọ̀mù tó ti san ò padà. Wọn ì báà ka àbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àbá ṣì ni títí wọ́n á fi gbà á wọlé tí gómìnà á sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èkejì, ẹ má sanwó láìgba rìsíìtì. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ọjọ́, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ilé àti ibi tó wà, iye owó, àti àsìkò tí owó náà wà fún gbọ́dọ̀ hàn lórí ẹ̀. Àláàtì báńkì á fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ yín, kò ní sọ oṣù tó wà fún.

Ẹ̀kẹta, owó ọdún méjì. Lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbénú ilé, bó bá ń san lóṣooṣù, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ lọ́dọọdún, ọdún kan. Ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà (₦100,000) tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Apá tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ nìyí: ẹni tó san án náà ti ṣẹ̀. Ẹ má sì lọ pariwo òfin yìí ní Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island tàbí GRA Ìkẹjà, torí òfin náà yọ wọ́n sílẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà. Ayálégbé wo ni kì í wí i? "Lánlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fún mi ní nótíìsì oṣù mẹ́fà kí n tó kó jáde." Ta ló sọ fún yín? Àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ni òfin kọ́kọ́ ń wò. Bí ìwé yín bá ní oṣù kan, oṣù kan náà ni. Ìgbà tí ìwé ò bá sọ nǹkan kan ni ìlànà òfin tó wọlé: oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń san lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ pé àsìkò tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ni ẹ gbà, tí ọjọ́ sì ti pé, lánlọ́ọ̀dù ò jẹ yín ní nótíìsì ìkójáde mọ́. Ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù ló kù. Ẹni tó ń san lóṣooṣù tó wá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn tiẹ̀ ti tán.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ágége gbé àgírímẹ́ǹtì ẹ̀ wá, ó ká a sínú ọ̀rá, ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọn ò ṣí i rí. Mo ní kí ọmọ ẹ̀ ka ibi tí mo fìka lé fún wa. Oṣù kan ló wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí ìyá sì wà nísàlẹ̀. Owó gọbọi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìwé yẹn lọ́jọ́ tó ń kó wọlé, ẹnikẹ́ni ò kà á fún un. Ẹnì kan tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ti gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kó jókòó pa, ẹjọ́ á tú ká. Ó jókòó lóòótọ́. Kóòtù ní kó jáde, wọ́n sì ṣírò owó gbogbo oṣù tó fi jókòó lé e lórí, pẹ̀lú owó ẹjọ́.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta irú ìmọ̀ràn yẹn. Wọ́n mọ̀ pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ ní 2021: bí nótíìsì tilẹ̀ ní àléébù, bí lánlọ́ọ̀dù bá ti pẹjọ́, ọjọ́ tí ìwé ìpẹ̀jọ́ tẹ ayálégbé lọ́wọ́ ni àsìkò nótíìsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹni tó bá ń gbowó yín pé "déètì orí nótíìsì ò pé" ń jẹ yín lówó lásán ni.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, ẹ má rò pé ẹ ti mórí bọ́. Bí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn, tí ẹ ṣí páànù orílé, tàbí tí ẹ kó àwọn ọmọ ìta wá dẹ́rù ba ayálégbé, ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Bàbá kan ní Ìkòròdú ṣí páànù nígbà òjò nítorí gbèsè. Fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ bàjẹ́ pátápátá, owó tó fi tán ọ̀rọ̀ náà sì ju gbèsè tó ń bínú sí lọ.

Ọlọ́pàá kì í gba owó ilé. Ẹ má gbé e lọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń san owó àbójútó ilé, rìsíìtì tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà, lánlọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò ẹ̀ fún yín lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ béèrè.

Owó ilé tó fò sókè lójijì? Òfin gbà yín láyè láti lọ sí kóòtù pé ó ti pọ̀ jù. Ẹ má kàn lọ sunkún níwájú adájọ́, ẹ wádìí iye tí wọ́n ń san fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, torí ìyẹn wà lára ohun tí kóòtù á wò.

Ẹni tó ń gbé Ọ̀tà, Akúté tàbí Ìbàfò, Ìpínlẹ̀ Ògùn nibẹ̀. Òfin Èkó ò kàn yín, bí ẹ tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó.

Kí ẹ tó gbé kọ́bọ̀ fún lọ́yà kankan, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí irú ìjà yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹnì kejì, ẹ ó jọ jókòó sọ ọ́. Ẹ kó àgírímẹ́ǹtì, gbogbo rìsíìtì àti nótíìsì tí wọ́n fún yín dání lọ, ẹ sì ṣe ẹ̀dà wọn sílẹ̀ nílé.