Àrọ̀ mi ló ń jẹ àrọ̀ mi

Ẹgbẹ̀rún kan ọmọ àrọ̀ ni mo kó sínú adágún tapólì ẹ̀yìnkùlé mi l'Ábẹ́òkúta, ₦60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo kà wọ́n: 612. Òkú ẹja tí mo sì rí kò tó ogún. Mo ní olè ni. Mo fi àwọ̀n bo adágún, mo ra àgádágodo, mo tiẹ̀ ń wo àwọn ọmọ ilé kejì tìfura-tìfura.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí orí ẹja tó léfòó. Orí nìkan! Èyí tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ ló ti ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì, orí ò wọ ọ̀fun, ló bá já a sílẹ̀. Èyí tó bá tún tóbi jùyẹn lọ, odindi ló ń gbé mì, ta ló máa rí òkú? Ẹni tó tà wọ́n fún mi sì búra pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Àrọ̀ tó ń jẹ àkèré àti ẹja ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú Odò Ògùn, ṣé tapólì ló máa sọ ọ́ di ẹni jẹ́jẹ́ ni?

Pípààrọ̀ omi àti fífún wọn lóúnjẹ, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Sọ́ọ̀tì, ìyẹn yíya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, ló fojú mi rí màbo. Ike tí wọ́n fi ń ṣe é wọ́n, mo ní màá ṣe tèmi. Mo ki ìṣó bọ iná, mo fi lu ihò sídìí garawa: kékeré á jábọ́, ńlá á dúró. Ó ṣiṣẹ́! Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan funfun bí òwú ti hù lára ẹja. Ẹnu ihò yẹn mú bí abẹ, àrọ̀ ò sì ní ìpẹ́; ó ti bó wọn lára. Ogójì tún lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ni mo sì ṣe é, wọ́n bi gbogbo oúnjẹ náà sómi. Ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan sì gún mi ní àtàǹpàkò, ó wú fún ọjọ́ méjì.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi bébà káfíńtà ha ẹnu ihò, n ò fún wọn lóúnjẹ láti alẹ́, ìdájí ni mo sì ṣe é. Ńlá mọ́kànlá ni mo mú. Ìrù ẹlòmíì ṣì yọ lẹ́nu ọ̀kan. Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ǹ bá ti máa ṣà wọ́n, n ò sì ní sanwó láìkọ́kọ́ dà wọ́n sínú bàsíà wò.

Àwọn mọ́kànlá yẹn ló kọ́kọ́ tó kílò kan. Mo ta mẹ́wàá. Èyí tí mo ká ìrù mọ́ lẹ́nu, ata rodo ni mo fi sè é.