Ọwọ́ kọ́kọ́, etí lẹ́yìn: bí mo ṣe kọ́ wíwọn BP fún ìdánwò OSCE

Ẹ̀rọ oníbátìrì ti gba iṣẹ́ wíwọn BP, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà, ṣùgbọ́n nínú OSCE, ìyẹn ìdánwò tí a ti ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ìṣègùn lójú olùdánwò, ẹ̀rọ olójú aago àti stethoscope ni wọ́n sábà máa ń gbé ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Mo ti ka ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ìwé tán nígbà náà. Mo lè to ìpele márààrún tí ohùn Korotkov, ìyẹn ohùn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a ń fetí sí láti mọ BP, ní láì wo ibì kankan. Síbẹ̀, bí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi bá wọn apá kan náà, nọ́ńbà wa lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Mo wá pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta: ọwọ́ mi, apá aláìsàn, àti etí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó so wọ́n pọ̀. Etí ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti wọlé kí ohùn àkọ́kọ́ tó dún.

Orí ìgò ni mo ti kọ́ ti ọwọ́. Mo di kọ́ọ̀fù, ìyẹn aṣọ tó ń fún apá, mọ́ ìgò tí mo rọ omi kún tí mo sì dé pa. Kí n tó fún rọ́bà tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ rárá, mo wo ojú aago: bí afẹ́fẹ́ kò bá sí nínú kọ́ọ̀fù, orí 0 ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Tó bá dúró lórí 6, ẹ má rò pé ẹ ó kàn máa yọ 6 kúrò, torí bó ṣe ṣì ní 0 lè má jẹ́ bó ṣe ṣì ní 160. Ẹ wá òmíràn. Lẹ́yìn náà mo fún un dé 200, mo sì dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí fáàfù, ìyẹn ibi tí a ń yí láti tú afẹ́fẹ́, ṣì wà ní dídé, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ibi tí túùbù ti wọ inú rọ́bà tí a ń fún ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Fáàfù gan-an ló gba àkókò. Ìlànà ni pé kí abẹ́rẹ́ máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi 2 mmHg (mmHg ni a fi ń ka BP) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan lójú aago jẹ́ 2, nítorí náà ìlà kan, ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fún un dé 180, mo tan aago fóònù, mo sì ní kí n dé 120 ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá 12 ni mo fi ń débẹ̀. Mo ń dé fáàfù le jù ni. Tí mo bá wá fẹ́ tú u, á já lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ á sì bọ́ láti 180 sí 140. Ẹ dé e níwọ̀nba. Mo gbé rọ́bà sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e mú fáàfù, mo sì ń yí i bí ẹni tó ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò. Ogún ìgbà lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin.

Eré abẹ́rẹ́ ṣe pàtàkì torí pé ohùn kan ni ọkàn ń fúnni nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní 60 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Tí abẹ́rẹ́ bá ń já ní 10 láàárín ohùn méjì, nọ́ńbà òkè (bíi 120 nínú 120/80) á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ti ìsàlẹ̀ (bíi 80) á sì ga jù.

Apá ló kàn. Mo fi téèpù télọ̀ wọn yíyípo apá láàárín méjì èjìká àti ìgúnpá. Rọ́bà tó wà nínú kọ́ọ̀fù gbọ́dọ̀ yí nǹkan bí 80% apá ká, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 40%. Apá tó jẹ́ 30 cm ń fẹ́ rọ́bà tó gùn tó 24 cm tó sì fẹ̀ tó 12 cm. Kọ́ọ̀fù àgbàlagbà tó wọ́pọ̀ wà fún apá 27 sí 34 cm. 35 sí 44 cm ń fẹ́ èyí tó tóbi. Kọ́ọ̀fù tó kéré jù máa ń gbé nọ́ńbà sókè, torí pé agbára rẹ̀ kì í dé orí iṣan ẹ̀jẹ̀ tán, a ó sì fún un ju bó ṣe yẹ lọ kí iṣan tó pa dé. Ìtàn ló jẹ́ kí èyí wọ̀ mí lórí. Kọ́ọ̀fù tí dókítà Riva-Rocci ṣe ní Ítálì ní 1896 fẹ̀ ní nǹkan bí 5 cm péré, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń ga jù. Ní 1901 ni dókítà von Recklinghausen ní Jámánì sọ pé kí wọ́n mú un fẹ̀ sí i.

Ìjókòó aláìsàn kò le láti mọ̀, àmọ́ òun ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Ìsinmi ìṣẹ́jú 5. Kó má tíì mu kọfí tàbí sìgá láàárín ìṣẹ́jú 30. Èmi máa ń béèrè obì náà, torí èròjà inú kọfí wà nínú rẹ̀. Kó ti tọ̀ kó tó jókòó. Ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀fù fi 2 sí 3 cm ga ju kòtò ìgúnpá lọ, lórí awọ ara, kì í ṣe lórí aṣọ. Apá bùbá tó gbòòrò ṣeé ká sókè. Èyí tó bá fún, ẹ ní kí wọ́n bọ́ ọ, torí kíká rẹ̀ á di okùn mọ́ wọn lápá. Kí apá wà lórí tábìlì, kó bá ọkàn dọ́gba. Bó bá fi 10 cm rẹlẹ̀, nọ́ńbà á fi nǹkan bí 7 tàbí 8 ga.

Ọ̀rọ̀ tí mo há sórí fún ìdánwò kò ju èyí lọ: “Ẹ kúùjókòó mà. Mo fẹ́ wọn BP yín. Ẹ̀rọ yìí máa fún yín lápá díẹ̀, á sì tú láìpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ká má sì tíì sọ̀rọ̀ títí n ó fi ṣe tán.” Ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé BP sókè. Nílé wa, ẹni tó bá dákẹ́ tí àgbà ń kí i jọ aláìlẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aláìsàn tó ní “mi ò ní BP” ń sọ pé òun kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìbéèrè tó máa ń yanjú ẹ̀ ni: “Ǹjẹ́ wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru? Ẹ ti lo oògùn lónìí?”

Kí stethoscope tó débẹ̀, ìka ni mo kọ́kọ́ lò. Mo fọwọ́ sí iṣan ọrùn ọwọ́ níhà àtàǹpàkò, mo ń fún rọ́bà títí iṣan náà fi dákẹ́. Ká ní 190 ló dákẹ́ sí. Mo tú gbogbo afẹ́fẹ́, mo sinmi bí ìṣẹ́jú àáyá 30, mo tún fún un dé 220, ìyẹn 30 lé sí i. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń pè ní àfiṣòfò, èmi sì gbà pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Ohùn àwọn kan, pàápàá àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, máa ń dún ní 190, á dákẹ́ ní 170, á tún padà ní 150. Ẹni tó bá fún un dé 160 nìkan á gbọ́ ti 150, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí nọ́ńbà òkè.

Ó wá ku etí. Ẹnu stethoscope tó ń wọ etí gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, torí bẹ́ẹ̀ ni ihò etí ṣe dà. Iṣan brachial, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá apá, wà nínú kòtò ìgúnpá, níhà ara, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn biceps, ẹran iwájú apá. Ìka ni mo fi ń wá a kí n tó gbé stethoscope lé e. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, ẹ má sì kì í bọ abẹ́ kọ́ọ̀fù, torí kó má baà máa ha. Ohùn kì, kì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ léra ni nọ́ńbà òkè. Ibi tí ohùn ti parẹ́ pátápátá ni ti ìsàlẹ̀. Nínú aboyún, nígbà mìíràn ohùn kì í parẹ́ títí dé 0. Ibi tó ti rọ̀ lójijì la ó kọ.

Mo yá stethoscope olórí méjì, irú èyí tí ènìyàn méjì lè fi sétí lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ nọ́ńbà wa sórí ìwé lọ́tọ̀ kí a tó fi hàn ara wa. Tó bá fi ju 4 yàtọ̀, a tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé 120, 130 àti 140 pọ̀ jù nínú tèmi: ojú mi ń wá òdo. Láti ìgbà náà, ìlà tí abẹ́rẹ́ wà gan-an ni mo ń kọ: 126, 134, 138. Bí a bá wọn apá kan léraléra, ẹ̀jẹ̀ á dúró sínú rẹ̀, ohùn á sì rọ̀. A tú kọ́ọ̀fù tán, a na apá sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 30, a ní kí ẹni náà di ẹ̀ṣẹ́ kó sì tú u ní ìgbà mélòó kan, ohùn á padà.

Lálaalẹ́ mo ń fi káàdì béèrè lọ́wọ́ ara mi, ìbéèrè kan lórí káàdì kan, ìdí ló sì máa ń béèrè: “Kọ́ọ̀fù kéré, nọ́ńbà á lọ síbo, kí ló fà á?” Mo ń tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ 1, 3, 7 àti 14. Èyí tí mo bá ṣì á padà sí ọjọ́ 1.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọ̀n, ìṣẹ́jú kan láàárín wọn, lápá méjèèjì nígbà àkọ́kọ́. Apá tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni a ó máa lò. Bí ìlù ọkàn bá ń ṣe ségesège, ẹ̀ẹ̀mẹta. 140/90 sókè ni wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọ̀pọ̀ ibi, Amẹ́ríkà ti fi tiwọn sí 130/80 láti 2017, àmọ́ wíwọ̀n ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí: 138/86, apá ọ̀tún, ní ìjókòó, kọ́ọ̀fù ńlá, aago 10:20.