Ìbọn ìléwọ́ fún ìyá olójà ní Houston: bí ẹ ṣe máa yàn án àti ibi tí ẹ máa gbé e sí

Ẹ̀yin ìyá tá a jọ ń tajà ní Bissonnet àti Alief, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ nípa ìbọn tí mo máa ń gbé bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ tí owó ọjà sì wà lọ́wọ́ mi. Èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń tà. Mi ò kì í ṣe ọlọ́pàá, mi ò sì kì í ṣe lọ́yà. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìbọn rírà kò le. Ibi tí ẹ máa gbé e sí, lára àti nílé, níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti ìwé. Ṣọ́ọ̀bù ìbọn kò lè ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó ní green card lè rà á, ṣùgbọ́n òfin kò gbà fún ẹni tó wà níbí lórí físà àbẹ̀wò tàbí físà akẹ́kọ̀ọ́, àfi ìyọ̀ǹda díẹ̀. Fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó ń ra ìbọn máa ń kún, ni wọ́n máa gbé síwájú yín, irọ́ pípa sórí rẹ̀ sì lè rán ènìyàn lẹ́wọ̀n. Bí àbúrò ọkọ yín bá kó owó fún yín pé kí ẹ bá òun ra ìbọn lórúkọ ara yín, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú òfin ìjọba àpapọ̀.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2021, àgbàlagbà tí òfin kò ká lọ́wọ́ kò nílò ìwé àṣẹ kó tó gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas. Síbẹ̀, mo ní kí ẹ lọ gba LTC, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbébọn Texas. Dọ́là 40 ni owó ìforúkọsílẹ̀, kíláàsì rẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, wọ́n á sì ní kí ẹ yìnbọn kí wọ́n fi wò yín. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn náà gbà á. Níbi tí ẹ bá ti rí pátákó 51% pupa lẹ́nu ọ̀nà, orí ọtí ni èyí tó ju ìdajì owó wọn lọ ti ń wọlé níbẹ̀. Ẹ má gbé ìbọn wọlé, ìwé àṣẹ tàbí kò sí ìwé àṣẹ.

Ó yá, yíyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù yàn án fún yín. Ẹ lọ síbi ìdánrawò tí wọ́n ti ń yáni ní ìbọn, kí ẹ dán oríṣiríṣi wò. Àkọ́kọ́: ṣé ẹ lè fa orí ìbọn náà sẹ́yìn dé òpin? Bí ó bá le, ẹ gbé e súnmọ́ àyà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí wọ́n ń yìnbọn sí, kí ẹ di orí rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ti ìdí rẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní òun kò lágbára, ọ̀nà ni kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ẹran ìka yín dé tírígà láìjẹ́ pé ẹ yí ọwọ́ padà.

Àwọn tí ń tajà ìbọn fẹ́ràn láti na kékeré sí obìnrin, bíi Ruger LCP. Òótọ́ ni pé ó fúyẹ́. Ìfúyẹ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó ta ọwọ́ sẹ́yìn gidigidi, tí obìnrin kò fi ní fẹ́ fi dánra wò mọ́. Glock 19 máa ń gba ọta 15, ó sì dára, ṣùgbọ́n ó nípọn fún ìbàdí mi. Smith & Wesson Shield EZ, oníọta 9mm, ni mo mú; wọ́n dìídì ṣe orí rẹ̀ kó rọrùn láti fà. Ti fífi ojú sun àmì fún ìgbádùn, Ruger Mark IV tó ń lo ọta .22 ni: ọta rẹ̀ kò wọ́n, kì í sì í tani.

Ìró kò lè di ìbọn mú, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Lábẹ́ bùbá gígùn tàbí káfútáànì, mo máa ń wọ ṣòkòtò jíìnsì pẹ̀lú bẹ́líìtì tó le, àpò ìbọn á sì wà nínú ìbàdí. Àpò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ike líle tó bo tírígà pátápátá. Bí ẹ bá ń dá ìbọn padà sínú rẹ̀, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ fi ojú wò ó, kí ìka wà lóde. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Mi ò fẹ́ràn àpamọ́wọ́ rárá. Ẹni tó bá já a gbà ti já ìbọn gbà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ-ọmọ tó ń wá bisikíìtì sì lè kàn án. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ ra èyí tó ní yàrá ìbọn lọ́tọ̀, kí ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ tàbí lípsíìkì síbẹ̀.

Níbi ìdánrawò, ẹ ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ọta nínú. Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ pa. Ìka kò gbọdọ̀ dé tírígà títí ojú fi sun àmì, ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà. Ariwo rẹ̀ ju 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹ fi nǹkan dí etí, kí ẹ tún fi ìbòtí bò ó. Òjé máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ kí ẹ tó jẹ mọ́ínmọ́ín tí ẹ gbé wá.

Nílé, inú àpótí irin ni. Ní Texas, ẹni tó fi ìbọn tó ní ọta sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tíì pé 17 ti lè mú un lè dèrò kóòtù. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò mọ́jú pẹ̀lú, àwọn olè mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń wà.

Bí ẹ bá ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ tú àpamọ́wọ́ yín palẹ̀ látòru. Ní 2024 nìkan, TSA, àjọ tó ń yẹ èrò àti ẹrù wò ní pápákọ̀, bá ìbọn tó lé ní 6,600 lọ́wọ́ àwọn èrò kárí Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ọta. Ẹni tó ń rìnrìn àjò láàárín Amẹ́ríkà lè fi sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀: kó yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, kó tì í mọ́ àpótí líle, kó sì sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ nídìí káńtà. Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Òfin ìbọn ibẹ̀ ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tó léèwọ̀, kò sí i nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ṣakabùlà bàbá yín. Kí tiyín wà nínú àpótí irin ní Houston, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ àpamọ́wọ́ náà dáadáa, bóyá ọta kan há sábẹ́ aṣọ inú rẹ̀.