Bí Mo Ṣe Gbé Alùpùpù Mi Dúró Nílé Láti Yọ Táyà Ẹ̀yìn, Pẹ̀lú Owó Tí Kò Pọ̀

Alùpùpù mi kò ní sítáǹdì àárín. Ti ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló ní, bẹ́ẹ̀ ṣéènì rẹ̀ ti dọ̀tí, táyà ẹ̀yìn sì ti jẹ tán. Kí táyà yẹn tó lè jáde, ẹ̀yìn alùpùpù gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, kó sì dúró láìmì títí iṣẹ́ á fi parí. Sítáǹdì irin tí àwọn mẹkáníìkì ń kì bọ abẹ́ ẹ̀yìn alùpùpù wà lọ́jà, àmọ́ agbára mi kò ká a. Mo wá jókòó, mo ro ó wò: èwo ni mo lè yá, èwo ni mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe, èwo sì ni kò yẹ kí n ṣahun lé lórí?

Ibi tí mo parí èrò sí ni pé ohun tó ń gbé alùpùpù sókè yàtọ̀ sí ohun tó ń mú un dúró. Jáàkì ló ń gbé e sókè, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, èèyàn lè yá a. Igi àti okùn ló ń mú un dúró ní gbogbo àsìkò tí ọwọ́ mi á fi wà lábẹ́ rẹ̀. Orí igi àti okùn ni mo ná ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ mi lé. Ìwé tó bá alùpùpù náà wá sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 130 kìlógíráàmù. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, epo inú táńkì sì lè dà sílẹ̀ bó bá ṣubú, nítorí náà n kò fẹ́ fi ojú kékeré wò ó.

Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Sìmẹ́ǹtì ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà lè dagun láìjẹ́ pé ojú rí i. Mo fi ìgò róbótó kan lélẹ̀ ní ìbú, mo tún fi í lélẹ̀ ní òòró. Ibi tí kò ti yí lọ ni mo ti alùpùpù dé. Ẹni tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ ló ní gbọ́dọ̀ tẹ́ pákó tó fẹ̀ tó sì nípọn sábẹ́ gbogbo ohun tó máa ru ẹrù, torí ẹsẹ̀ sítáǹdì kékeré a máa rì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà títì pàápàá máa ń rọ̀ bí oòrùn bá mú.

Lẹ́yìn náà ni mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn tí sàlẹ́ńsà ti tutù dáadáa. Ibí yìí ni mo rọ ẹnikẹ́ni kó má ṣe kánjú. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ló lè ru alùpùpù. Abọ́ tó gba ọ́ìlì sínú máa ń fẹ́lẹ́, bí jáàkì bá sì gún un, ó lè là. Sàlẹ́ńsà kò lè ru ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni àsẹ́ ọ́ìlì àti rọ́bà èyíkéyìí. Lára alùpùpù tèmi, irin méjì ti fíréèmù, ìyẹn egungun irin alùpùpù, gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá láti iwájú lọ sẹ́yìn, àwọn ló ní agbára tó. Ọ̀pọ̀ alùpùpù kò ní irú irin bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì gan-an ló so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní irú èyí, kó wo ìwé alùpùpù rẹ̀ fún ibi tí wọ́n ní ká fi jáàkì sí, kó má sì fi ojú díwọ̀n.

Igi líle ni mo lò, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Mo to méjì sí ìbú, mo to méjì lé e ní òòró, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ títí ó fi ga tó, mo wá fi súkúrúù so ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Orí èyí tó ga jù ni mo kan rọ́bà tí mo gé lára táyà àtijọ́ mọ́. Àwọn kan á sọ pé búlọ́ọ̀kù oníhò ti tó, ó ṣáà wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Búlọ́ọ̀kù ń ru ògiri nítorí pé ẹrù ògiri tẹ́ lé gbogbo ojú rẹ̀. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan, ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìṣe ìkìlọ̀ kankan. Igi líle sábà máa ń ké kó tó ṣẹ́, èèyàn á sì gbọ́ ọ.

Ibi tí igi yóò wà lábẹ́ alùpùpù gba ìrònú jù. Ohun mẹ́ta ni yóò kan ilẹ̀ bí táyà ẹ̀yìn bá gòkè: táyà iwájú, etí òsì igi, etí ọ̀tún igi. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bí ìwúwo alùpùpù bá ti bọ́ sáàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé igi sí apá ẹ̀yìn àwọn irin fíréèmù náà, kì í ṣe apá iwájú, kí ẹrù lè tẹ̀ síwájú, kí táyà iwájú sì máa tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo bá gbé e síwájú jù, ẹ̀yìn ni yóò máa fà lọ sílẹ̀. Ìdí kan náà ló mú kí igi fẹ̀ ju ẹ́ńjìnnì lọ lọ́tùn-ún àti lósì. Bí igi bá tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ohun méjì péré ń ru alùpùpù ni, kò sì sí ohun tí yóò dí i lọ́wọ́ láti dàgẹ̀rẹ̀.

Kí n tó gbé jáàkì wá, mo so ohun tó yẹ ní síso. Mo há igi onígun síwájú àti sẹ́yìn táyà iwájú. Mo gé òrùka fífẹ̀ kan lára tùbù táyà àtijọ́, mo fi fún ọwọ́ búrẹ́èkì iwájú mọ́ háńdù, kí búrẹ́èkì lè máa dì í mú láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀. Kò ná mi ní nǹkan kan, n kò sì rí ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì tó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí alùpùpù bá ti wà nínú jíà, kò ní yí. Táyà ẹ̀yìn ni jíà ń dì mú. Bí táyà ẹ̀yìn bá ti kúrò nílẹ̀, jíà kò dá ohunkóhun dúró mọ́, búrẹ́èkì iwájú àti igi tí mo há mọ́ táyà iwájú nìkan ló kù. Bí alùpùpù bá sì yí síwájú díẹ̀ péré, ó lè sọ̀ kúrò lórí igi, sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ á sì ká sẹ́yìn, torí ìhà ibẹ̀ ló ń ká sí.

Okùn ló kàn. Mo mú okùn pẹlẹbẹ méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, mo so wọ́n mọ́ irin tó di fọ́ọ̀kì iwájú (ọ̀pá méjì tó gbá táyà iwájú mú) pọ̀, ọ̀kan lọ sí òpó ilé tó wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan sí èyí tó wà lósì, kí wọ́n fà á lọ sílẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Dígí, iná àti ọwọ́ búrẹ́èkì kì í ṣe ibi tí a ń so okùn mọ́. Àwọn okùn yìí ń gbà háńdù lọ́wọ́ yíyí, nítorí bí táyà iwájú bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo alùpùpù á tẹ̀ sí ìhà ibẹ̀. Okùn ọ̀rá máa ń nà lẹ́yìn tí ẹrù bá ti bọ́ sí i lọ́rùn, nítorí náà mo tún wọn fún lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dúró.

Ohun kan tí ó rọrùn láti gbójú fò ni nọ́ọ̀tì ńlá tó di ọ̀pá táyà ẹ̀yìn mú. Mo tú u díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ó le gan-an, ó gba pé kí n fi gbogbo ara fa sípánà. Irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí alùpùpù tó ti wà lókè lè tì í ṣubú.

Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi di ẹ̀yìn ìjókòó mú. Mo sọ fún un ṣáájú pé bó bá rí i pé alùpùpù ń ṣubú, kó fò sẹ́yìn, kó má ṣe gbìyànjú láti gbá a mú. Òun ló fà á dúró ṣánṣán kúrò lórí sítáǹdì ẹ̀gbẹ́, èmi fún okùn méjèèjì títí tí wọ́n fi dọ́gba. Mo wá ti jáàkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí mo yá bọ abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pákó líle lórí rẹ̀ tó gùn dé irin fíréèmù méjèèjì. Orí jáàkì kéré púpọ̀, láìsí pákó yẹn ojú kan ṣoṣo ni yóò máa gún. Mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, àbúrò mi ń sọ pé, “Bùọ̀dá mi, ẹ rọra o, ó ń tẹ̀ sọ́dọ̀ mi.” Mo dúró, mo tún okùn òsì fún, a tẹ̀ síwájú. Bí táyà ẹ̀yìn ṣe fi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrò nílẹ̀ ni mo dáwọ́ dúró. Kò sí èrè nínú gbígbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti igi sábẹ́, mo sọ jáàkì kalẹ̀ títí ìwúwo fi bọ́ sórí igi pátápátá, mo wá jẹ́ kí jáàkì kàn fara kàn án bí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lo jáàkì olómi, kó mọ̀ pé epo inú rẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Òun nìkan kò gbọ́dọ̀ ru alùpùpù. Lẹ́yìn èyí ni mo fi ọwọ́ ti ìjókòó láti ọ̀tún, mo tì í láti òsì, mo fà á sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Kò mì. Ìgbà yẹn ni mo tó fọwọ́ kan sípánà.

Yíyọ táyà fúnra rẹ̀ kò pẹ́. Bí ó ti jáde, ìwúwo tún sún síwájú, alùpùpù sì dúró dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí táyà tuntun ti wọlé, mo fọ ṣéènì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì pípa, jíà nínú òfìfo (níútírà) kí táyà lè yí fàlàlà, ọwọ́ ni mo fi ń yí táyà. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ṣéènì lè máa yí fúnra rẹ̀ bí ẹ ti ń nù ún. Ṣéènì lè fa aṣọ tí ẹ fi ń nù ún wọ àárín eyín irin tó ń yí ṣéènì, ìka á sì tẹ̀ lé e. Ìwé tèmi ní kí ṣéènì máa rọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Mo wọ̀n ọ́n lókè, mo sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí alùpùpù bọ́ sílẹ̀, torí bí ẹ̀yìn bá rọ̀ dirodiro, ṣéènì kì í rọ̀ bákan náà bí ìgbà tí ẹrù wà lórí ṣọ́ọ̀kì.

Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo na sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ kí n tó tú ohunkóhun. Jáàkì gbé e díẹ̀, igi jáde, táyà kan ilẹ̀, mo fún nọ́ọ̀tì ńlá náà pa nílẹ̀, okùn ni mo tú kẹ́yìn. Mo tẹ búrẹ́èkì ẹ̀yìn wò títí ó fi di nǹkan mú dáadáa kí n tó gùn ún jáde.

Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ ní sítáǹdì àárín, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dọ́bù, iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n kó fi okùn so sítáǹdì náà mọ́ táyà iwájú. Bí nǹkan bá ti alùpùpù síwájú, sítáǹdì yẹn lè ká. Okùn náà ni kò ní jẹ́ kó ká.

Ní ti táyà iwájú, n kò ní lo ètò yìí bó ṣe wà. Bí táyà iwájú bá jáde, ìwúwo á sún sẹ́yìn, búrẹ́èkì iwájú tí mo gbẹ́kẹ̀ lé kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́. Igi gbọ́dọ̀ sún síwájú, jíà gbọ́dọ̀ wà nínú kìíní, ẹsẹ̀ búrẹ́èkì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà ní dídè, ìrù alùpùpù sì gbọ́dọ̀ ní okùn méjì tirẹ̀ tó fà á mọ́lẹ̀. Okùn méjì yẹn ni mo ń fi owó pamọ́ fún báyìí.