Bí a ṣe ń fa ìlà iṣẹ́ Talleyrand sórí kádíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn ní Àgbádárìgì, ẹ lẹ kádíbọ́ọ̀dù ńlá méjì pọ̀, kí ẹ fa ìlà kan tó gùn tó sàǹtímítà 107 sí àárín rẹ̀. Ẹ má pín in dọ́gba-dọ́gba o. Láti 1754 tí wọ́n bí Talleyrand, olóṣèlú Faransé tó sin ọ̀gá púpọ̀, ní Paris títí dé 1789, ìdajì sàǹtímítà ti tó fún ọdún kan. Láti 1789 sí 1815, ẹ fún ọdún kọ̀ọ̀kan ní sàǹtímítà mẹ́ta, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Láti ibẹ̀ dé 1838 tó kú, ẹ padà sí ìdajì. Bí gbogbo ọdún bá gba àyè kan náà, ọ̀rọ̀ 1814 àti 1815 á gun ara wọn lórí, ọmọ kankan ò ní lè kà á.

Ọ̀gá tó ń sìn ni kí ẹ fi àwọ̀ yà sọ́tọ̀. Ó di bíṣọ́ọ̀bù Autun ní 1788. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹwàá 1789, òun kan náà ló dìde nílé ìgbìmọ̀ pé kí ìjọba gba ohun ìní ìjọ. Ibẹ̀ ni àwọ̀ ti kọ́kọ́ yí. Ó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti Oṣù Keje 1797 sí Oṣù Keje 1799, ó sì tún padà sípò náà lẹ́yìn tí Napoleon gbàjọba.

Ibi méjì ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í. 18 Brumaire, ọjọ́ tí Napoleon gbàjọba, kì í ṣe 18 Oṣù Kọkànlá: kàlẹ́ńdà tí ìjọba tó dé lẹ́yìn ìyípadà 1789 ṣe fúnra rẹ̀ ni, 9 Oṣù Kọkànlá 1799 ló bọ́ sí. Èkejì, wọ́n á fa àwọ̀ Napoleon dé 1814. Ẹ dá a dúró ní Oṣù Kẹjọ 1807, nígbà tó fi ipò mínísítà sílẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Oṣù Kẹrin 1814, tó di olórí ìjọba fìdíhẹ, ẹ fi bírò ta á tótòtó: oyè ààfin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ní ìpàdé Erfurt, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1808, ó ń gba Tsar Alexander ti Rọ́ṣíà nímọ̀ràn ní kọ̀rọ̀, lòdì sí ọ̀gá rẹ̀.

Ọjọ́ 8 Oṣù Kejì 1815 ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ní ìpàdé Vienna, tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe lẹ́yìn tí Napoleon ṣubú ní 1814, Talleyrand fọwọ́ sí ìwé tó bẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú, lórúkọ Faransé. Ẹ ta òwú láti ibẹ̀ lọ sórí àwòrán erékùṣù Gbérẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀. Kí ẹ wá bi wọ́n: ọjọ́ wo ni ìwé náà dá pé kí òwò náà parí? Kò dá ọjọ́ kankan. Ó fi í sílẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè lọ fẹnu kò lé e lórí. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé òwò ẹrú parí ní 1815 ti gbà á lódì, torí ọkọ̀ ẹrú ṣì ń wá sí etíkun wa lẹ́yìn ọdún náà.

Ẹ fi 1830 sí 1834 kún un, nígbà tó ṣe aṣojú Faransé ní London. Ní ti orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ apá Sẹ̀mẹ̀, tí Faransé ń dún sétí wọn lójoojúmọ́, pè é fún kíláàsì: “d” ìparí kì í dún.