Bí a ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ adìyẹ wo agbára antibody lórí influenza

Fáírọ́ọ̀sì influenza kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè jókòó nínú láàbù, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá antibody, ìyẹn àwọn èròjà tó ń gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, ti dá a dúró. George Hirst ló ṣí ọ̀nà náà ní New York lọ́dún 1941. Ó kíyè sí i pé tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ adìyẹ inú ẹyin bá kan omi tí influenza wà nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á so mọ́ra. Hemagglutinin ló ń ṣe é, ìkọ́ kéékèèké ara fáírọ́ọ̀sì náà, èyí tó fi ń di sẹ́ẹ̀lì ọ̀fun wa mú gan-an. Bí antibody bá bo ẹnu ìkọ́ yìí, fáírọ́ọ̀sì kò rí nǹkan dì mú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò dì, kí ẹ wá fa omi orí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní serum. Ẹ má tíì lò ó o! Àwọn èròjà mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ìkọ́ fáírọ́ọ̀sì lè lọ dì mọ́, ẹ ó sì rò pé antibody ló ṣiṣẹ́. Ẹ po ìdá kan serum mọ́ ìdá mẹ́ta RDE, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń ba àwọn ohun tí ìkọ́ fáírọ́ọ̀sì lè dì mọ́ yẹn jẹ́, ẹ fi sínú ooru 37°C mọ́jú, lẹ́yìn náà 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wá bu omi iyọ̀ là á títí yóò fi di 1:10.

Ó kan fáírọ́ọ̀sì. Láàbù tó ní ààbò tó péye nìkan ni kí ẹ ti fọwọ́ kàn án. Ẹ wọn agbára tó fi ń so sẹ́ẹ̀lì pupa mọ́ra, kó jẹ́ ìwọ̀n HA 4 (HA ni ìkékúrú hemagglutination, ìsomọ́ra sẹ́ẹ̀lì pupa) nínú máíkírólítà 25, kí ẹ sì tún un wọ̀n lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an. Bó bá le jù, antibody tó dára á dà bí ọ̀lẹ.

Ẹ mú abọ́ oníhò 96 tí ìdí ihò rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ẹ máa bu omi là serum ní ìlọ́po méjì láti ihò dé ihò: 1:10, 1:20, 1:40, títí dé 1:1280. Kí máíkírólítà 25 kù nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi máíkírólítà 25 fáírọ́ọ̀sì sí i, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí àsìkò yìí ni ìjà ń lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi sẹ́ẹ̀lì pupa adìyẹ 0.5% sí i, máíkírólítà 50. Ẹ ya ihò díẹ̀ sọ́tọ̀ tí kò ní fáírọ́ọ̀sì rárá.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn, ẹ wo abọ́ náà dáadáa. Níbi tí fáírọ́ọ̀sì ti borí, àwọn sẹ́ẹ̀lì di ara wọn mú, wọ́n tẹ́ lọ bẹẹrẹ, wọn kò rì. Níbi tí antibody ti borí, wọ́n rì sídìí ihò, wọ́n di àmì pupa róbótó kan. Ojú lè tan ni jẹ, nítorí náà ẹ gbé abọ́ náà ní ìdagẹ̀rẹ̀: àmì pupa tòótọ́ á ṣàn wálẹ̀ bí omijé, bíi ti ihò tí kò ní fáírọ́ọ̀sì. Ihò tó kẹ́yìn tó ṣàn bẹ́ẹ̀ ni èsì yín. Bó bá jẹ́ 1:40, àwọn onímọ̀ àjẹsára kà á sí pé ewu à ti kó àrùn náà dín kù ní nǹkan bí ìdajì lára àgbàlagbà.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá torí èsì kékeré sọ fún èèyàn pé ara rẹ̀ kò ní ààbò kankan. Antibody tó bo orí ìkọ́ nìkan ni àyẹ̀wò yìí rí. Àwọn kan wà tó ń di ọrùn ìkọ́ náà mú, tí fáírọ́ọ̀sì bá wọnú sẹ́ẹ̀lì, kò ní lè tú ẹrù rẹ̀. Àwọn mìíràn ń di neuraminidase mú, èyí tí àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun fi ń já ara wọn gbà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Fún ti ọrùn ìkọ́, ẹ po serum àti fáírọ́ọ̀sì pọ̀, kí ẹ dà á sórí sẹ́ẹ̀lì MDCK, tó wá láti inú kíndìnrín ajá, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á kó àrùn.

Bó bá sì jẹ́ H3N2 òde òní, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn irú influenza, ni ẹ ń yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í di ẹ̀jẹ̀ adìyẹ mú dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ guinea pig ni kí ẹ lò, nínú abọ́ tí ìdí ihò rẹ̀ rí róbótó, kí ẹ sì dúró fún wákàtí kan kí ẹ tó ka èsì.